Ọdún Tí Màámi Fẹ́ Fi Káàdì Gba Kíbọ́ọ̀dù

Kíbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nílé wa kì í dún. Páálí ni. Màámi gé e lára páálí bíṣikíìtì tó gbà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó lẹ bébà funfun mọ́ ọn, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì fi bírò kun àwọn tó yẹ kó dúdú títí bírò fi gbẹ. Ní ọ̀sán Sátidé, bí ó bá ti fọṣọ tán, tí aṣọ ń kán tótó lórí okùn, á tẹ́ páálí náà sórí tábìlì, á na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e, á wá máa fi ẹnu kọ ohun tí ìka rẹ̀ ń tẹ̀. Èmi àti Kẹ́mi àbúrò mi á jókòó sórí ẹní, a óò máa wò ó. Lójú èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Mo rò pé bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn: àwọn kan a máa lọ ata, àwọn kan a máa tẹ páálí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ebi ni mò ń wò lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ebi tí kì í ṣe ti oúnjẹ.

Ìgbògbò ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là wọ́n láàrin. Yàrá méjì ni a háyà. Bí mo bá dijú lónìí, ìró ilé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun. Ìró búta Bàámi nígbà tó bá ń ṣe àlùwàlá ní ìdájí, tí omi ń dà sórí kọnkéré. Ìró sítóòfù tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bíi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Máṣíìnì aránṣọ tó wà ní yàrá kẹta, tí í máa sáré, á dúró, á tún sáré, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Bàbá onílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí kì í jáde sẹ́yìnkùlé láìkọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ lè ráyè fa aṣọ bora. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù kí n tó lọ sílé ìwé. Ti Kẹ́mi ni láti gbálẹ̀ iwájú yàrá wa, kí ó má sì gbá a dé iwájú yàrá ẹlòmíràn, torí Màámi máa ń sọ pé ẹni tó bá gbálẹ̀ kọjá ààlà, ìjà ló ń gbá wọlé.

Ọmọ Ìkìrun ni Màámi, ó sì jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ládùúgbò wa. Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà ló ti kọ́ dùùrù, lọ́wọ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí í máa fi rúlà gbá ìka ẹni tó bá ṣì í tẹ̀. Bàámi ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ apẹja, ṣùgbọ́n òun àti omi kò mọwọ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Odóńgúnyán ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a ó bá Bàámi lọ sí mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Àìkú a ó bá Màámi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó bi wá pé èwo la yàn. Bọ́lá ni mò ń jẹ́ ní Ìgbògbò, Bàṣírátù ni mò ń jẹ́ bí a bá dé Ẹ̀pẹ́, mo sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Dùùrù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń tì í pa bí ìsìn bá ti parí, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á sì fọwọ́ lu àpò náà kí ó tó jáde. Màámi á máa wo àpò yẹn títí bàbá náà á fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

Láàrin ọdún tí mò ń sọ yìí ni iṣẹ́ kan yọjú ní Ìjẹ̀dẹ́, nílé ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sétí ọ̀sà. Obìnrin tó ni ilé ìwé náà ti gbọ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì Màámi ṣe kọrin níbi ìdíje kan, orin wọn sì wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí Màámi máa wá ní ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ òun lórin àti dùùrù, owó tó sì dá fún àwọn ọ̀sán yẹn lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí Màámi ń gbà lóṣù níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ilé ìwé náà kò ní irinṣẹ́. "Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù tiyín wá, Ántí," ni obìnrin náà wí, "àyè ti wà fún yín láti táàmù tó ń bọ̀." Màámi fi ayọ̀ gun ọkọ̀ délé. Ó se ìrẹsì lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ìgbà tó ń bu oúnjẹ ni ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un.

Ní àkókò kan náà ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan sí Ìkòròdú, lọ́nà ọjà, tí gíláàsì bo iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fíríìjì wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá sì wọ inú lọ́hùn-ún, á rí gìtá tí wọ́n so rọ̀ bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, á rí sípíkà tó ga jù mí lọ, á sì rí kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta lórí ìdúró irin. Káàdì ni ohun tí gbogbo Ìgbògbò ń sọ nípa ṣọ́ọ̀bù náà. Bí o bá níṣẹ́ lọ́wọ́, wàá gba fọ́ọ̀mù, wàá wá onídùúró kan tó nílé tirẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní káàdì pupa kan tí orúkọ rẹ yọ gbọnrangandan lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá gbà á lo máa gbé ohun tó wù ọ́ lọ sílé, wàá wá máa san án lóṣooṣù, pẹ̀lú èlé. Màámi gba fọ́ọ̀mù náà, ó sì fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó mú un jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, a ń jẹ ẹ̀bà. "Bàbá Bọ́lá," ni Màámi wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bébà yìí." Bàámi kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ó nu ún. Ó ka bébà náà níwájú, ó yí i, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ta ló ni kíbọ́ọ̀dù náà kí a tó san án tán?"

"Àwa ni. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló máa wà."

"Ibi tó máa wà kọ́ ni mo béèrè."

Màámi ní, "Iṣẹ́ Ìjẹ̀dẹ́ ló máa san án. Bí mo bá ní kí n tọ́jú owó kí n tó rà á, wọ́n á ti mú ẹlòmíràn kí owó náà tó pé."

"N ò sọ pé irọ́ lo ń pa. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá yá àwọ̀n, bó bá ń jẹ ẹja, àwọ̀n ló ń rò."

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tẹ páálí, Bàbá Bọ́lá." Màámi kò gbóhùn sókè. "Ọdún mẹ́rin."

Kẹ́mi wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀. Bàámi tún ká fọ́ọ̀mù náà bó ṣe wà, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀, ó sì béèrè pé, "Onídùúró tí wọ́n ń wí yìí, ta la mọ̀ tó nílé?"

"Ìyá ni," ni Màámi wí.

"Ó dáa. Tí Ìyá bá gbà, èmi náà gbà."

Ìyá Bàámi ló ń sọ, ìyá àgbà wa ní Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, pé ó ku kí a lọ gba kíbọ́ọ̀dù. N kò mọ̀ pé Bàámi ti gbé ẹrù náà kúrò lórí ara rẹ̀ sórí ìyá rẹ̀. N kò sì mọ ohun tó ń ná obìnrin láti kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, kí ó ní kí ìyá náà wá fi ilé tí ọkọ tirẹ̀ kọ́ fún un dúró fún ohun èlò orin. Èmi náà ti di ìyàwó ilé kan báyìí, mo ti mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Màámi ra búrẹ́dì gígùn méjì àti ọṣẹ ìfọṣọ, ó wọ ìró àti bùbá tó máa ń wọ̀ fún ìsìn ìdúpẹ́. A wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Ìkòròdú, mo sì sùn lórí itan rẹ̀ títí èéfín ẹja fi wọ̀ mí nímú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń mọ̀ pé a ti sún mọ́ ilé Ìyá. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni àárò wà, mẹ́rin, tí igi ń jó lábẹ́ wọn jẹ́jẹ́, tí àwọn obìnrin ń yí ẹja lórí wáyà, tí àwọn ọmọ ilé kéú sì ń ka Kùránì lódìkejì ọgbà ní ohùn kan bí oyin tó ń kùn. Ìyá kò ga, kò sanra, èéfín ti kó pupa sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó fi èdè Ẹ̀pẹ́ kí wa ní kíákíá, èdè tí Màámi ọmọ Ọ̀ṣun kò gbọ́ tán rí. "Ẹ ṣé, Ìyá" ni Màámi fi ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn ìbéèrè ni Ìyá bi í. Ìyá á rẹ́rìn-ín, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń pè ní èdè tíṣà fún un.

Ìkọ́kọrẹ́ ni a jẹ, ẹja inú rẹ̀ pọ̀ ju ewùrà lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, Màámi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárò ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà: iṣẹ́ Ìjẹ̀dẹ́, ṣọ́ọ̀bù, káàdì, onídùúró. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ìyá ń yí ẹja lọ ní tirẹ̀, ó ń fi ìka yí i bí ẹni tí iná kì í jó. Nígbà tí Màámi sọ tán, Ìyá ní, "Ìyàwó mi, kí ni ohun náà máa ń sọ?"

"Ìyá?"

"Ohun tí ẹ fẹ́ kí n dúró fún yìí. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, kí ló ń sọ?"

Màámi ronú díẹ̀, ó wá fi ẹnu kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja yíjú wò ó.

"Rárá," ni Ìyá wí. "Ẹnu tìrẹ nìyẹn. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Èmi kì í ra ẹja tí n kò tíì wo ojú rẹ̀. N ó wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́rú."

Ó sì wá lóòótọ́. Láti ilé ìwé ni Màámi ti mú mi, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn mi. A bá Ìyá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wé ìborùn funfun, ó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì láìtijú. Bí a ṣe fẹ́ wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì ló gbà wá, ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá lórí táìlì yẹn. "Màmá, ẹ wọ bàtà yín, kò sí wàhálà," ló wí. Ìyá ní, "Ilẹ̀ tó mọ́ báyìí, ta ló ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́?" Wọ́n gbé àga fún un. Màámi dúró níwájú kíbọ́ọ̀dù tó wà láàrin, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì tan iná rẹ̀.

Orin tó máa ń kọ nídìí aṣọ fífọ̀ ló tẹ̀. Mo mọ orin náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ báyìí rí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ohùn tí ẹnu kan ṣoṣo kò lè kọ pọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ná fáànù dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè rí ọwọ́ Màámi dáadáa. Mo wo ojú Màámi, ó dà bíi pé ó ti gbàgbé wa, pé kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí káàdì. Nígbà tó dákẹ́, Ìyá la ojú. "Ó dára," ló wí. "Ó dára gan-an ni. Ọmọ mi, wá ṣàlàyé káàdì yín fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé, kò sì purọ́. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n máa fi san án. Ìyá béèrè pé oṣù tí kò bá rí i san ńkọ́. Ó ní èlé á gorí èlé. Tó bá wá di oṣù mẹ́ta, àwọn á wá gbé e, àwọn á sì wá onídùúró lọ. Ìyá mi orí. Ó yíjú sí Màámi.

"Ìyàwó mi, nílé ìwé Ìjẹ̀dẹ́ yẹn, ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ tí àwọn ọmọ bá lọ họlidé?"

"Rárá, Ìyá. Ọjọ́ tí mo bá kọ́ wọn ni wọ́n máa san."

"Họlidé gígùn yẹn tó oṣù mélòó?"

"Ó máa ń tó oṣù méjì. Ti Kérésì náà tún wà."

"Ẹja náà ní ìgbà tí kì í sí nínú ọ̀sà," ni Ìyá wí. "Ọmọ mi, káàdì tiyín yìí, ṣé òun náà máa ń lọ họlidé?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in mọ́. "Rárá o, Màmá. Oṣù kì í gba ìsinmi lọ́dọ̀ wa."

Mo rò pé Ìyá á dìde ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. "Íǹkì yín dà? N kò mọ̀wé kọ, ìka ni mo máa ń tẹ̀." Wọ́n gbé íǹkì wá. Ó wá sọ fún Màámi pé, "Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì ti gbọ́ ti káàdì. Tí o bá ní kí n tẹ̀ka, n ó tẹ̀ka. Tìrẹ àti ti àwọn ọmọ rẹ ni ilé náà, kì í ṣe tèmi nìkan. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ ọ́. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́." Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè íǹkì náà, kò kàn án, kò jìnnà sí i. Màámi wo àtàǹpàkò yẹn. Ó wo kíbọ́ọ̀dù, tí iná pupa kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń tàn. Fáànù tó wà lókè wa ni mò ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó na ìka kan, ó tẹ bọ́tìnnì, iná pupa náà sì kú.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Ìyá."

"Màdáàmù, kò dájú pé a máa ní irú èyí mọ́ tó bá tán o," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú àlàyé."

Ó jáde kò wẹ̀yìn. Oòrùn mú, òun ló ń rìn níwájú, ó ń yára, èmi àti Ìyá ń tẹ̀ lé e. A ti dé etí títì kí Ìyá tó kígbe pé, "Bàṣírátù! Ṣé ìwọ lo fẹ́ wọ bàtà yẹn ni? Ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀!" Mo ti gbàgbé pé bàtà wà lọ́wọ́ mi. Màámi yíjú padà, ó rí Ìyá tó ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná bí ọmọdé, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín náà ni ẹkún ti jáde. Ìyá wọ bàtà rẹ̀, ó sì di Màámi mú níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

N kò sọ pé káàdì burú. Aránṣọ yàrá kẹta gba tirẹ̀, ó fi gba máṣíìnì ńlá oníná, ó san án tán kí ọjọ́ tó pé, máṣíìnì náà ló sì fi rán aṣọ tí owó rẹ̀ tọ́ ọmọ rẹ̀ méjì jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Oṣù aránṣọ kì í lọ họlidé bíi ti tíṣà. Lónìí, fóònù ọwọ́ ẹni ló ń bẹni pé kí a wá yáwó, kò béèrè onídùúró, kò béèrè ilé. Èmi náà ti yá a rí, mo sì ti san. Ṣùgbọ́n kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń jókòó ná, kí n ka oṣù tí owó ń wọlé àti oṣù tí kì í wọlé. Ohun tí mo mú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn.

Ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ni Ìyá ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Mo ní ẹja. Ìwọ mọ èèyàn. Ṣé àwọn tíṣà kì í jẹ ẹja ni?" Màámi ní, "Ìyá, èmi tíṣà, kí n máa kiri ẹja?" Ìyá ní, "Ta ló ní kó o kiri? Jókòó sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á wá ọ wá." Bí agbọ̀n ẹja yíyan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ wọ Ìgbògbò lọ́sẹ̀ méjì méjì nìyẹn. Iṣẹ́ tuntun dé fún wa. Èmi ni mò ń ṣa èyí tó fọ́ kúrò lára èyí tó pé, Kẹ́mi ló ń gé bébà tí a fi ń dì í. Èyí tó fọ́ ni tiwa, ọbẹ̀ wa kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé wa. Òórùn ẹja wọ gbogbo nǹkan, dórí ìwé mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Ẹja Yíyan, mo sì sunkún délé lọ́jọ́ kan. Màámi kò bá mi bínú sí wọn. Ó ní, "Lọ bi wọ́n, ta ni ìyá rẹ̀ ò tíì rà lára rẹ̀?" Òun alára kò rí i bí ohun tó rọrùn. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìyàwó bàbá onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ wá ra ẹja, Màámi dì í fún un láìgbójú sókè. Nígbà tí obìnrin náà wá lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ó lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ láti lọ sọ fún obìnrin tó ni ilé ìwé pé kíbọ́ọ̀dù kò sí. Mo bá a lọ, torí ilé ìwé tiwa ti gba họlidé kékeré. Obìnrin náà ní àánú ṣe òun, kò sì ní ohun tí òun lè ṣe. Màámi ní kí ó fún òun ní ọmọ mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ó tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, láti orí èyí tó kúrú jù dórí èyí tó ga jù. Ó fi ohùn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, dò, rè, mí, títí dé ìkẹjọ, ó sì ní kí oníkálukú máa ṣọ́ rúlà òun. Ẹni tí rúlà bá kàn ló máa dún. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ fà máa ń pẹ́ dún, àwọn tó kù á sì yíjú sí i bí ẹni pé ó jí nǹkan wọn. Ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, orin ti jáde lára wọn, orin gidi, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbé lọ. Obìnrin náà ti jáde wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ántí," ló wí. Owó náà kò tó iye tó kọ́kọ́ dá, Màámi sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù dé. Ọkùnrin kan ní Ìkòròdú tó ń kó lọ sí Ìbàdàn ló ta tirẹ̀, àlòkù, pẹ̀lú sípíkà kan ṣoṣo. Owó ẹja ni, àti ti Ìjẹ̀dẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gbé e, Bàámi mú owó iṣẹ́ àṣekún tó ti ń tọ́jú jáde, ó fi í sórí tábìlì, ó ní, "Fi kún un," ó sì lọ wẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù náà sórí ọ̀kadà. Orí ló fi rù ú láti oríta wálé, ó ń rìn bí ẹni tó ru omi kún àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. A tò ó sórí tábìlì, a so okùn rẹ̀ mọ́ ara iná, ilé kún fún èèyàn. Iná kò sí. Iná kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá ọkọ̀ wọlé láti wá wò ó, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, ó ní òun kò lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni iná dé. Gbogbo ọgbà ló hó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọdé ń kígbe pé wọ́n ti mú iná wá. Màámi ju aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tútù jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ orin méjì. Aránṣọ pa máṣíìnì rẹ̀. Bàbá onílé wá síwájú yàrá wa láìwúkọ́. Màámi wá dìde lójijì, ó ní, "Ìyá, ẹ wá jókòó."

"Èmi? Ọwọ́ ẹja ni ọwọ́ mi o."

"Ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Ìyá jókòó. Ó fi ojú yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, bí ó ti ń yẹ ẹja wò, ó yan ọ̀kan lápá òsì, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde, ó nípọn, ó jinlẹ̀, ó mi tábìlì. Kò gbé ìka náà kúrò.

"Ìyá, ẹ lè gbé ọwọ́ yín," ni Bàámi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bí mo bá gbé e, ṣé kò ní dákẹ́?"

"Á dákẹ́, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i."

Màámi wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó na apá méjèèjì kọjá èjìká ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin lórí ohùn kan ṣoṣo tí Ìyá dì mú yẹn. Ìyá kò mi ìka, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ìrẹsì jóná lórí sítóòfù, gbogbo wa gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹja.